Bí A Ṣe Ń Mú Kí Ehoro Méjì Gbé Pọ̀ Láìjà

Ọ̀rọ̀ ti ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kòkó, kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ owó orí. Ọ̀rọ̀ ehoro ni. Ehoro tí a ń sìn fún ọbẹ̀ kọ́ ni kókó rẹ̀, bí kò ṣe ehoro tí a ń sìn bí ọ̀rẹ́ nínú ilé, èyí tí àwọn ọmọ ti sọ ní orúkọ, tí wọ́n sì ń já ewé yúnyun wá fún bí wọ́n bá ti ilé-ìwé dé. Irú ehoro bẹ́ẹ̀ a máa kú ikú àìtọ́jọ́ nígbà mìíràn. Kì í ṣe àìsàn ni ó pa á, kì í sì ṣe ajá. Ehoro ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó pa á, olówó rẹ̀ ni ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé apani náà wọlé.

Bí ó ti máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Bàbá kan ra abo ehoro funfun fún ọmọ rẹ̀. Ehoro náà dá wà nínú kéèjì rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Bàbá wò ó títí, àánú ṣe é, ó ní kò dára kí ohun ẹlẹ́mìí máa dá gbé. Nígbà tí ó di ọjọ́ ọjà, ó ra abo mìíràn, dúdú, ó gbé e délé ní ìrọ̀lẹ́, ó ṣí ilẹ̀kùn kéèjì, ó ju àlejò náà sínú rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn padà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, irun funfun àti irun dúdú bo ilẹ̀ kéèjì. Etí ọ̀kan ti ya, awọ ikùn èkejì sì ti là. Ọmọ bú sí ẹkún. Bàbá sọ pé ìkà ni ehoro, pé láti òní lọ, ọ̀kan ṣoṣo ni òun yóò máa sìn.

Nínú ohun méjì tí bàbá yìí sọ, ọ̀kan tọ̀nà, ọ̀kan kò tọ̀nà. Èyí tí ó tọ̀nà ni èyí tí ó kọ́kọ́ sọ, pé kò dára kí ehoro máa dá gbé. Ilẹ̀ Spain àti ilẹ̀ Portugal ni ìran ehoro tí a ń sìn nínú ilé ti ṣẹ̀ wá, ọwọ́ àwọn òyìnbó ni ó sì gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ó yàtọ̀ sí ehoro inú ọ̀dàn tí àwọn ọdẹ wa mọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni a ń pè wọ́n. Ehoro ọ̀dàn kì í gbẹ́ ihò. Orí ilẹ̀ ni ó ń sùn sí, òun nìkan ni ó sì sábà máa ń rìn. Ọmọ rẹ̀ a máa ní irun lára, ojú rẹ̀ a sì là, ní ọjọ́ tí a bí i. Ṣùgbọ́n ehoro òyìnbó a máa gbẹ́ ihò jìnnà sínú ilẹ̀, wọn a sì máa gbé inú rẹ̀ bí ará agbo ilé kan. Ìhòòhò ni a ń bí ọmọ tirẹ̀, ojú rẹ̀ a sì wà ní pípadé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí ọmọ ehoro ọ̀dàn he ní oko kò gbọdọ̀ gbé e wá fún ehoro ilé pé kí wọ́n jọ máa ṣeré. Ìbátan ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò jọra, wọn kò sì lè bímọ fún ara wọn.

Ará Wales kan, Ọ̀gbẹ́ni R. M. Lockley, ẹni tí ó fi ọdún púpọ̀ ṣọ́ àwọn ehoro inú igbó ní Orielton, tẹ ìwé kan jáde nípa ìgbésí-ayé wọn ní ọdún 1964. Ohun tí ó rí ni pé ehoro ní ìlú, ó ní olórí, ó ní ààlà, olúkúlùkù wọn sì mọ ipò rẹ̀. Ní ọdún 2008 ẹ̀wẹ̀, àwọn onímọ̀ kan tẹ àbọ̀ ìwádìí mìíràn jáde. Wọ́n fi ilẹ̀kùn dí ọ̀nà mọ́ àwọn abo ehoro, wọ́n sì ń fi kún ìwúwo ilẹ̀kùn náà díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n lè mọ bí ehoro yóò ti tiraka tó láti kọjá sí ìdí oúnjẹ, àti bí yóò ti tiraka tó láti kọjá sí ọ̀dọ̀ ehoro ẹgbẹ́ rẹ̀. Agbára tí wọ́n lò láti dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí wọ́n lò láti dé ìdí oúnjẹ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ehoro ti fẹ́ràn oúnjẹ tó, ẹ ó mọ ìtumọ̀ èyí. Òfin ìtọ́jú ẹran tí a ṣe fún England àti Wales ní ọdún 2006 tilẹ̀ kà á mọ́ ojúṣe olówó ẹran pé kí ó mọ̀ bóyá ẹran rẹ̀ ń fẹ́ ẹgbẹ́ tàbí ó ń fẹ́ dá wà. Àwọn ará wa tí ó ń gbé ní London mọ ẹgbẹ́ RSPCA, tí a dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1824. Ìmọ̀ràn ẹgbẹ́ náà ni pé kí a máa sìn ehoro ní méjì-méjì, ó kéré tán.

Èyí tí kò tọ̀nà nínú ọ̀rọ̀ bàbá ni pé ìkà ni ehoro. Ìjà ilẹ̀ ni ehoro ń jà. Àwọn àgbà ní àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan. Lójú ehoro tí ó ti pẹ́ nínú kéèjì, koto tirẹ̀ ni gbogbo kéèjì náà jẹ́. Ẹ kíyè sí i bí ó ti máa ń fi ìsàlẹ̀ àgbọ̀n rẹ̀ ra ara ògiri, ara abọ́, àti ara ẹsẹ̀ àga. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ara ni ó ń yún un. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ni àpò kékeré tí ó ń ṣe òórùn wà, òórùn náà ni ó sì fi ń sàmì sí ohun gbogbo pé, “Tèmi ni èyí.” Imú ènìyàn kò lè gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n imú ehoro ń kà á bí ìwé. Ọ̀mọ̀wé Roman Mykytowycz, tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí ìjọba ilẹ̀ Australia tí a ń pè ní CSIRO, fi ẹ̀rí èyí hàn ní àwọn ọdún 1950 àti 1960. Ó rí i pé àpò òórùn akọ tí ó jẹ́ olórí a máa tóbi ju ti àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ lọ. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ náà ń ṣe iṣẹ́ àmì ààlà bákan náà, bí ìgbà tí ènìyàn gbin pèrègún sí ààlà oko rẹ̀.

Àwọn tí ń sìn ehoro fún títà ní ilẹ̀ wa ti mọ èyí tipẹ́, bóyá wọn kàn kò ronú sí ìdí rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá fẹ́ kí akọ gun abo, abo ni wọ́n máa ń gbé lọ sí kéèjì akọ. Wọn kì í gbé akọ lọ bá abo. Bí a bá gbé akọ wọ ilé abo, abo lè dojú ìjà kọ ọ́ kí ó sì ṣe é ní èṣe. Ṣùgbọ́n bí abo bá wà ní ilé onílé, kò ní ilẹ̀ tí yóò gbèjà. Ẹran kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni, ibi tí wọ́n ti pàdé nìkan ni ó yàtọ̀. Ẹni tí ó bá ti mọ àṣà yìí ti mọ ìdajì gbogbo ohun tí a nílò láti mú ehoro méjì rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo irú ehoro tí ó yẹ kí a so pọ̀. Akọ kan àti abo kan ni ó máa ń tètè rẹ́ jù lọ. Abo méjì lè rẹ́ bí wọ́n bá jọ dàgbà, ṣùgbọ́n wọ́n lè yí padà. Akọ méjì tí a kò tẹ̀ lọ́dàá kò ṣeé fi sí ojú kan rárá, ì báà jẹ́ ìyá kan náà ni ó bí wọn. Wọn yóò máa ṣeré títí wọn yóò fi tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, lẹ́yìn náà ni ìbàlágà yóò dé, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí fi eyín ya kórópọ̀n ara wọn. Ẹni tí ó bá ra ọmọ ehoro méjì ní ọjà kò gbọdọ̀ gba ọ̀rọ̀ olùtajà gbọ́ pé abo ni méjèèjì. Ó ṣòro láti mọ akọ yàtọ̀ sí abo nígbà tí wọ́n bá kéré. Kí ó fi wọ́n han dókítà ẹran.

Bí ó bá jẹ́ akọ àti abo, ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Oyún ehoro kì í ju nǹkan bí ọjọ́ 31 lọ. Abo lè bímọ ní òwúrọ̀ kí ó sì tún lóyún ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tí ó fẹ́ ọ̀rẹ́ méjì fún ọmọ rẹ̀ yóò wá rí i pé kí ọdún tó yípo, ọgbà òun kò gba ehoro mọ́. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí a tẹ akọ lọ́dàá. Bí agbára bá wà, kí dókítà yọ ilé ọmọ abo náà pẹ̀lú, nítorí pé jẹjẹrẹ ilé ọmọ wọ́pọ̀ lára abo ehoro tí ó bá dàgbà láìṣe iṣẹ́ abẹ náà, àti pé abo tí a bá ti yọ tirẹ̀ kì í jà fún ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ abẹ ti abo le ju ti akọ lọ, owó rẹ̀ a sì máa pọ̀ jù. Bí owó kò bá tó ti ẹni méjì, kí a ṣe ti akọ.

Kì í ṣe gbogbo dókítà ẹran ni ó ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ehoro rí. Kí olówó ehoro béèrè kí ó tó gbé e sílẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, òmíràn sì wà ní Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ibi tí ènìyàn ti lè wádìí. Ohun kan tí ó yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni pé a kì í fi ebi pa ehoro ṣáájú iṣẹ́ abẹ bí a ti ń ṣe fún ajá. Ehoro kì í bì, inú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ṣófo. Lẹ́yìn tí a bá sì ti tẹ akọ lọ́dàá, kí a má ṣe fi sí ọ̀dọ̀ abo kíákíá. Ó lè gbé oyún fún abo títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, gbígbóná ara rẹ̀ kì í sì í lọ ní ọjọ́ kan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí kò lọ lásán. Ẹni tuntun ní láti kọ́kọ́ dá wà, ó kéré tán fún ọjọ́ 14, ní ibi tí ó jìnnà sí ti ẹni àkọ́kọ́, pẹ̀lú abọ́ tirẹ̀ àti ìgbálẹ̀ tirẹ̀. Ní ọdún 2020, àrùn ehoro kan tí ń fa ẹ̀jẹ̀ dídà nínú ara wọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ó sì pa ehoro púpọ̀ láìfi àkókò sílẹ̀ fún ìtọ́jú. Ehoro tí a rà ní ọjà ní àárọ̀ lè dára lójú, kí ó sì gbé àrùn wọlé ní ọ̀sán. Kí a fọ ọwọ́ kí a tó ti ọ̀dọ̀ ọ̀kan lọ sí ọ̀dọ̀ èkejì.

Bí ọjọ́ 14 bá pé tí ara ẹni tuntun sì le, kí a gbé kéèjì méjèèjì sún mọ́ ara wọn. Kí àlàfo bí ìbú ìka méjì wà láàrin wáyà ti ọ̀kan àti ti èkejì, nítorí pé wọ́n lè gé imú tàbí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ara wọn jẹ láàrin wáyà kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ kìíní, wọ́n lè sáré lọ sáré bọ̀ lẹ́bàá wáyà, wọ́n lè fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lu ilẹ̀ gbì, wọ́n sì lè yí ìdí sí ara wọn kí wọ́n tọ̀. Kí a fi wọ́n sílẹ̀. Lójoojúmọ́ ni kí a máa pààrọ̀ koríko gbígbẹ tí wọ́n sùn lé, kí a kó ti ọ̀kan fún èkejì. Bí ó bá di ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, kí a pààrọ̀ ilé fún wọn pátápátá, kí ẹni funfun sun ilé ẹni dúdú, kí ẹni dúdú sun ilé ẹni funfun. Ohun tí a ń ṣe ni pé a ń da òórùn ààlà náà pọ̀, títí tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fi ní lè sọ dájú pé ti òun nìkan ni ilẹ̀ yìí. Kí a máa gbé oúnjẹ àárọ̀ àti ti alẹ́ sí ẹ̀bá wáyà ní àkókò kan náà, kí wọ́n máa jẹun ní ojú ara wọn. Nígbà tí a bá rí i pé wọ́n ń jẹun láìbojú wẹ̀yìn, tí wọ́n sì ń dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wáyà, tí ọ̀kan nà gbọrọ sí ìhín, tí èkejì nà gbọrọ sí ọ̀hún, àsìkò ti tó kí wọ́n pàdé. Èyí lè gba ọ̀sẹ̀ méjì. Ó sì lè gba oṣù méjì. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ìgbín fi ń gun igi.

Ibi tí wọn yóò ti pàdé ni ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Kí ó jẹ́ ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tẹ̀ rí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ aládùúgbò dára. Yàrá tí a kì í lò dára, bí a bá ti fọ ilẹ̀ rẹ̀. Balùwẹ̀ dára, bí a bá tẹ́ aṣọ sí ilẹ̀ kí ẹsẹ̀ wọn má baà máa yọ̀. Kí ó tóbi tó láti sá díẹ̀, kí ó má sì tóbi tó láti sọnù sí. Kí a fi páálí méjì tàbí mẹ́ta sí i, kí olúkúlùkù páálí sì ní ẹnu ọ̀nà méjì, nítorí pé ehoro tí a lé wọ inú páálí ẹlẹ́nu-ọ̀nà kan ti wọ inú pàkúté. Kí òkìtì ewé ọ̀dùnkún tàbí ewé yúnyun wà ní ibi méjì tàbí mẹ́ta, kì í ṣe ojú kan, kí abọ́ omi sì jẹ́ méjì. Àárọ̀ kùtùkùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí a yàn. Ehoro kì í làágùn, bí oòrùn bá sì ti mú ju nǹkan bí ìwọ̀n 30 lọ, ara rẹ̀ kò ní gba eré sísá tàbí ìbẹ̀rù. Kí ènìyàn méjì wà níbẹ̀, àgbàlagbà, kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ tí ó nípọn, kí ìgbálẹ̀ tàbí pákó pẹlẹbẹ kan sì wà ní àrọ́wọ́tó. Kí àwọn ọmọdé jókòó sí òde wo ojú fèrèsé. Ariwo wọn lè ba nǹkan jẹ́.

Kí a wá gbé àwọn méjèèjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ní ọ̀kánkán ara wọn. Ẹni tí kò rí i rí yóò gbọ̀n. Ọ̀kan yóò lé èkejì. Ọ̀kan yóò gun èkejì, ì báà ṣe pé abo ni ó gun akọ. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí, ọ̀rọ̀ ta ni àgbà láàrin wọn ni. Wọn yóò fi eyín fa irun díẹ̀. Gbogbo èyí kò burú, ẹni tí ó bá sì ń dá wọn lẹ́kun ní gbogbo ìgbà ni kò jẹ́ kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá gun èkejì ní ìhà orí, kí a fi ọwọ́ tí a bọ̀ yí i padà jẹ́jẹ́, nítorí pé ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ lè gé ohun ọkùnrin tàbí ohun obìnrin ẹni tí ó wà lókè jẹ, ọgbẹ́ náà a sì máa pa ehoro. Bí etí bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn pátápátá tí ìrù sì nà sókè, ìkìlọ̀ ni. Bí àwọn méjèèjì bá bẹ̀rẹ̀ sí yí ara wọn po kíákíá, tí imú ọ̀kan wà ní ìdí èkejì bí okùn tí a ń lọ́, ìjà ti dé nìyẹn, kò sí ìwòran mọ́. Kí a ti pákó bọ àárín wọn lójú ẹsẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki ọwọ́ lásán bọ ibẹ̀. Eyín ehoro tí ń gé ẹ̀ka igi kò ní mọ ọwọ́ olówó rẹ̀ yàtọ̀.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, kí a yẹ irun wò dáadáa, nítorí pé ojú ọgbẹ́ ehoro a máa kéré, ọyún rẹ̀ a sì máa kójọ sábẹ́ awọ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Kí a dá wọn padà sí ẹ̀yìn wáyà fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí a tó tún dán an wò. Bí kò bá sí ìjà, kí ìpàdé àkọ́kọ́ má ju ìṣẹ́jú 10 tàbí 15 lọ. Ìgbà tí ohun gbogbo ń lọ déédéé ni kí a parí rẹ̀, kí a má dúró di ìgbà tí wọ́n bá ti sú ara wọn. Ní ọjọ́ kejì, kí ó tún pọ̀ sí i díẹ̀.

Àmì rere kò ṣòro láti mọ̀. Wọn yóò jọ jẹ ewé kan. Wọn yóò kẹ̀yìn sí ara wọn láìbẹ̀rù. Ọ̀kan yóò máa la ojú ara rẹ̀, èkejì yóò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kan, ọ̀kan yóò tẹ orí rẹ̀ sílẹ̀ níwájú èkejì. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó kéré ni ó ń tẹrí ba fún àgbà, nítorí náà ni ẹni tí ó bá ń wò wọ́n yóò ṣe sọ pé ọ̀kan ti túúbá. Àwọn tí ó ti pẹ́ nídìí ehoro sọ pé òdìkejì ni ó sábà máa ń jẹ́. Ẹni tí ó jẹ́ àgbà ni ó máa ń tẹ orí sílẹ̀, tí ó ń sọ fún èkejì pé, “Wá fi ahọ́n tún irun mi ṣe.” Bí èkejì bá gbà tí ó sì lá a ní iwájú orí, wọ́n ti mọ ipò ara wọn. Bí ó bá kọ̀, ẹni tí ó tẹ orí lè já a jẹ díẹ̀ ní etí, gẹ́gẹ́ bí àgbà tí a kò kí. Ọ̀rọ̀ náà a máa pa ènìyàn lẹ́rìn-ín.

Àṣà kan wà tí ó yẹ kí a bá wí. Àwọn kan máa ń kó ehoro méjì tí kò mọ ara wọn sínú àpótí kan, wọn a gbé e sínú ọkọ̀, wọn a sì máa wà á kiri ojú ọ̀nà gbágungbàgun, tàbí kí wọ́n máa mi àpótí náà. Ẹ̀rù yóò ba àwọn ehoro náà, wọn a dì mọ́ ara wọn, ẹni tí ó ń wò wọ́n a sì sọ pé wọ́n ti di ọ̀rẹ́. Bí àwọn èrò inú ọkọ̀ tí ó fẹ́ dànù bá di ara wọn mú, ṣé ìbátan ni wọ́n ti dà? Ìyà lásán ni èyí. Ẹ̀rù nìkan lè pa ehoro, àwọn ẹgbẹ́ ìtọ́jú ẹran ní Britain sì ti kìlọ̀ nípa rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá ti jọ wà ní ojúlé àjèjì náà fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ọ̀sán àti òru, láìjà, kí a kó wọn lọ sí ilé tí wọn yóò máa gbé títí. Kí a kọ́kọ́ fọ ilé náà pẹ̀lú fíníkà tí a bu omi là, kí a sì yí ibi tí abọ́ àti páálí wà padà, kí ó má baà rántí ilé àtijọ́ fún ẹni tí ó ti ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìjà púpọ̀ ni ó ń dé nítorí ibi tí ó há jù. Ẹgbẹ́ tí ń rí sí ire ehoro ní Britain sọ pé ehoro méjì ń fẹ́ ibi tí gígùn rẹ̀ tó mítà 3, tí ìbú rẹ̀ tó mítà 2, tí gíga rẹ̀ sì tó mítà 1. Ọ̀pọ̀ kéèjì tí a ń kàn ní ilẹ̀ wa kò tó ìdá mẹ́rin èyí. Ṣùgbọ́n igun ọgbà tí a fi wáyà yíká, tí òrùlé koríko bo ìdajì rẹ̀, tí a sì ri ìdí wáyà rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà gbẹ́ ihò jáde, kò gbọ́n owó púpọ̀ jù, ó sì sàn ju kéèjì gíga tí ó há lọ.

Àwọn ehoro kan wà tí wọn kò ní rẹ́ láéláé. A ti tẹ̀ wọ́n, a ti pààrọ̀ ilé fún wọn, oṣù mẹ́ta ti kọjá, síbẹ̀ bí wọ́n bá ti rí ara wọn, ìjà ni. Kí a má fi agbára mú wọn. Kí olúkúlùkù máa gbé ẹ̀gbẹ́ wáyà tirẹ̀, kí wọ́n máa rí ara wọn, kí wọ́n máa gbọ́ òórùn ara wọn. Ó sàn ju kí ọ̀kan dá wà lẹ́yìn ilé lọ, ó sì sàn ju ikú lọ.

Àwọn tí ó bá sì ti rẹ́, a kì í yà wọ́n mọ́. Bí ọ̀kan bá ṣàìsàn, kí àwọn méjèèjì jọ lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà nínú àpótí kan, bí kò bá jẹ́ àrùn tí ń ràn. Ẹni tí ó bá dá lọ tí ó sì padà bọ̀ yóò gbé òórùn oògùn àti ti ajá wá sílé, èkejì lè má mọ̀ ọ́n mọ́, ìjà a sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀kan bá kú, tí kì í sì í ṣe àrùn tí ń ràn ni ó pa á, kí a jẹ́ kí èkejì wà lẹ́bàá òkú rẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ kí a tó sin ín. Yóò gbọ́ òórùn rẹ̀, yóò fi imú tì í, nígbà tí ó bá sì tó àkókò, òun fúnra rẹ̀ yóò kúrò níbẹ̀. Kí a máa ṣọ́ oúnjẹ rẹ̀ ní ọjọ́ wọ̀nyẹn, nítorí pé ehoro tí kò bá jẹun láti àárọ̀ di alẹ́ ti wà nínú ewu, kò sì yẹ kí a dúró di ọjọ́ kejì kí a tó pe dókítà. Bí ó bá ti ń jẹun dáadáa padà, kí a wá ẹlòmíràn fún un, kí a sì fi ẹni tuntun náà sí ibi tí ó jìnnà fún ọjọ́ 14 kí wáyà tó kàn án.